Bí A Ṣe Ń Fi Ọkọ̀ Asáré Rìn Lójoojúmọ́ Nígbà Yìnyín

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ọkọ̀ asáré, irú èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí sports car, ni wọ́n máa ń da aṣọ bò ó ní kété tí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò sì ní ṣí i títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá. Ẹni tó ní ọkọ̀ méjì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló ní, tó sì gbọ́dọ̀ fi dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, kò ní irú àǹfààní yẹn, òun ni mo sì kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ohun tí mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ ni pé yìnyín fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá ọkọ̀ asáré. Táyà tí kò bá ojú ọjọ́ mu ni ó ń dá a dúró lójú ọ̀nà, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì ni ó sì ń jẹ ẹ́ run nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ojútùú sí àwọn méjèèjì yìí, ìyókù kò ju sùúrù àti ẹsẹ̀ tó rọ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ọkọ̀ náà ṣe ga sí

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí táyà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ìwọ̀n wo bí ibi tó relẹ̀ jù lábẹ́ ọkọ̀ yín ṣe jìnnà sí ilẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré, àlàfo náà kò ju nǹkan bíi 10 sí 13 sẹ̀ǹtímítà lọ. Bí yìnyín ojú ọ̀nà bá jìn ju ìwọ̀n yìí lọ, ikùn ọkọ̀ ni yóò gbé ara lé e, táyà yóò máa yí lásán nítorí pé ìwúwo ọkọ̀ ti kúrò lórí rẹ̀. Kò sí táyà kan láyé tó lè tún ìyẹn ṣe. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín kì í ṣe bóyá yìnyín máa ń rọ̀ níbi tí ẹ ń gbé, bí kò ṣe bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó kí ọkọ̀ tí ń kó yìnyín tó kọjá ní òpópónà yín. Níbi tí wọ́n ti ń kó o kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ asáré yóò rìn ní gbogbo ọjọ́ àyàfi díẹ̀. Bí ilé yín bá wà ní ìparí ọ̀nà olókè tí wọn kì í dé títí di ọ̀sán, ẹ ti gbọ́dọ̀ ní ètò mìíràn nílẹ̀ fún àwọn ọjọ́ tí yìnyín bá pọ̀, ìbáà ṣe bọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ láti ilé.

Bí ẹnì kan bá ti rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ nítorí ẹwà, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì dá a padà sí bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti fi í sílẹ̀, ó kéré tán títí òtútù yóò fi tán. Ẹ tún wo etí bọ́ńpà iwájú àti ike pẹlẹbẹ tó bo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ike yìí ni yìnyín tó ti le máa ń kọ́kọ́ fà ya, nítorí pé bí bọ́ńpà ṣe ń wa yìnyín bí ọkọ́ ni yìnyín náà ń wọ abẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń ti ike náà sísàlẹ̀. Ẹ rí i dájú pé gbogbo ìdè tó mú un dúró ló pé, nítorí pé èyí tó ti já lára rẹ̀ kò ní hàn títí di ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí máa ń gba ẹnu àwọn ènìyàn púpọ̀, ó sì yẹ kí a fi sí ipò rẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà ẹ̀yìn nìkan, bíi Mazda MX-5, Toyota GR86 tàbí Subaru BRZ, máa ń tiraka láti gbéra lórí yìnyín nítorí pé ìwúwo tó wà lórí táyà ẹ̀yìn kò pọ̀. Porsche 911 rọrùn díẹ̀ jù wọ́n lọ láti gbéra, nítorí pé ẹ̀yìn gan-an ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jókòó sí, tí ó sì ń tẹ àwọn táyà tó ń ti ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀. Èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bíi 911 Carrera 4 tàbí Audi TT quattro, ló rọrùn jù láti gbéra. Ṣùgbọ́n gbígbéra nìkan ni o. Gbogbo ọkọ̀ ló ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró, gbogbo wọn ló sì ń fi táyà iwájú yí kọ́nà, nítorí náà ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń tètè gbéra kò ní kọjá ẹnikẹ́ni nígbà tó bá di pé kí ó dúró. Ní tèmi, mo fọkàn tán ọkọ̀ tó ń ti ẹ̀yìn tó wọ táyà òtútù gidi ju èyí tó ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn tó wọ táyà ẹ̀ẹ̀rùn lọ, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Táyà ni ìdajì iṣẹ́

Rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe táyà ẹ̀ẹ̀rùn fún ọkọ̀ asáré jẹ́ èyí tí ooru ń mú ṣiṣẹ́. Bí ojú ọjọ́ bá ti wá sí nǹkan bíi 7°C, rọ́bà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò sì ní lè mú ilẹ̀ dáadáa mọ́, kódà lórí títì gbígbẹ tí kò sí yìnyín kankan níbẹ̀. Fún àwọn táyà tí wọ́n ṣe fún eré púpọ̀, àwọn tó ń ṣe wọ́n máa ń kìlọ̀ pé bí òtútù bá le gan-an, ojú rọ́bà lè sán bí a bá wakọ̀ lórí rẹ̀ tàbí tí a kàn gbé e ní ìgbékúgbèé. Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ yóò rọ̀. Nígbà tí òwúrọ̀ bá ti ń wà nísàlẹ̀ 7°C léraléra ni àkókò àtipààrọ̀ táyà tó, ọ̀dọ̀ fọkanáísà kì í sì í tíì kún nígbà náà.

Àmì tí ẹ óò wá lára táyà ni àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí ìtànná yìnyín wà nínú rẹ̀. Àmì yìí túmọ̀ sí pé wọ́n ti dán táyà náà wò lórí yìnyín, tí ó sì yege. Lẹ́tà M+S (mud and snow, ìyẹn ẹrẹ̀ àti yìnyín) nìkan kò tó, torí pé bí ojú táyà ṣe rí ni ó ń tọ́ka sí, kì í ṣe ìdánwò. Ilẹ̀ Jámánì, tó ti fi òfin de wíwakọ̀ lórí yìnyín láìsí táyà tó yẹ láti ọdún 2010, kò ka M+S nìkan sí mọ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 2024. Òfin ìpínlẹ̀ Québec ní Kánádà sọ pé táyà òtútù gbọ́dọ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kejìlá títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹta, kò sì sí ọkọ̀ asáré kan tí ó yọ sílẹ̀. Ẹ mọ òfin ibi tí ẹ wà àti ti ibi tí ẹ ń rìnrìn-àjò lọ. Ní ti táyà onírin, ìyẹn èyí tí wọ́n gún ìṣó wẹ́wẹ́ sí lójú, ó dára púpọ̀ lórí omi dídì, àwọn ará Finland àti Sweden sì ń lò ó dáadáa, ṣùgbọ́n òfin Jámánì kò gbà á láàyè, ariwo rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò ní ìdíwọ́ ariwo púpọ̀ sì lè mú orí fọ́ni.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀. Àwọn kan máa ń rò pé nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí, méjì fún ẹ̀yìn ti tó. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gbéra dáadáa, yóò sáré, lẹ́yìn náà ni imú rẹ̀ yóò kọ̀ láti yí ní kọ́nà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì fi méjì sí iwájú nìkan, ìdí rẹ̀ ni yóò máa sáré kọjá orí rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò dé ni ìwọ̀n táyà. Táyà tó fẹ̀ máa ń gun orí yìnyín bí ìgbà tí ènìyàn fi pákó sábẹ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń gé e wọlé títí yóò fi kan ilẹ̀ líle. Nítorí èyí, ó dára kí ẹ ra rímù tó kéré ní ìwọ̀n kan sí èyí tí ẹ ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ga díẹ̀ sí i. Àpẹẹrẹ kan ni Mazda MX-5 ti ìran ND, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń tà pẹ̀lú táyà 205/45R17 tàbí 195/50R16. Nínú 205/45R17, 205 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 45 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, 17 sì ni ìwọ̀n rímù ní íǹṣì. Bí ọkọ̀ bá gba méjèèjì, 195/50R16 ni èmi yóò mú fún ìgbà òtútù: ó tẹ́ẹ́rẹ́, owó rẹ̀ sábà máa ń dín, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ga sì ń gba rímù lọ́wọ́ ihò tí yìnyín bò mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbé rímù náà wò lára ọkọ̀ kí ẹ tó sanwó, nítorí pé bíréèkì ńlá tí wọ́n ń fi sí àwọn ọkọ̀ asáré kan kì í jẹ́ kí rímù kékeré wọlé. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn sì tún ní láti rí i pé gíga táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn bára mu gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ ṣe sọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ba jíà jẹ́.

Ó tún dára kí táyà òtútù ní rímù tirẹ̀, kí ẹ má máa yọ táyà kúrò lára rímù lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ yan rímù tí ọ̀dà rẹ̀ bò ó yípo. Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé lójú kí ó lè máa dán ni iyọ̀ ń kọ́kọ́ wọ̀ lábẹ́, ẹ óò sì rí àwọn ìlà funfun tó ń rìn kiri lábẹ́ ọ̀dà rẹ̀ kí ọdún tó yí. Kí ẹ tó de rímù mọ́ ọkọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú họ́ọ̀bù tó bá dípẹtà kí rímù lè jókòó dáadáa, kí ẹ sì tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè ní ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ lẹ́yìn nǹkan bíi 50 sí 100 kìlómítà.

Òfin ilẹ̀ Jámánì gbà kí ojú táyà jìn ní mìlímítà 1.6, ṣùgbọ́n táyà òtútù tó bá ti kù sí mìlímítà 4 kò wúlò mọ́ lórí yìnyín. Ilẹ̀ Austria tilẹ̀ fi èyí sínú òfin: táyà tí kò tó mìlímítà 4 kì í ṣe táyà òtútù lójú wọn. Ẹ máa wo afẹ́fẹ́ táyà déédéé pẹ̀lú, nítorí pé bí òtútù bá fi 10°C lé sí i, táyà yóò pàdánù tó 0.1 bar. Ẹ fi afẹ́fẹ́ sí i nígbà tí táyà bá tutù, ní ìwọ̀n tó wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹ má sì gbọ́ ti àwọn tó sọ pé kí ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ kí ó lè mú ilẹ̀. Ohun kan ṣẹ́kù: eré tí ọ̀pọ̀ táyà òtútù lè gbà kéré sí èyí tí ọkọ̀ asáré lè sá. Nínú àwọn lẹ́tà eré tó wà lára táyà, H túmọ̀ sí 210 kìlómítà ní wákàtí kan, V sì jẹ́ 240. Ọkọ̀ yín lè kọjá ìyẹn, ẹ̀yin ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kọjá rẹ̀.

Ìwakọ̀ lórí yìnyín

Ìwọ̀nba agbára ni táyà ní láti fi di ilẹ̀ mú, lórí yìnyín sì ni agbára yìí ti kéré jù. Bí ẹ bá lo gbogbo rẹ̀ fún bíréèkì, kò sí èyí tó kù fún kọ́nà. Nítorí náà, ohun kan ni kí ẹ máa ṣe lẹ́ẹ̀kan: ẹ tẹ bíréèkì nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà tààrà, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ yí kọ́nà, ìgbà tí ọkọ̀ bá sì ti kọjú sí ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ tó rọra tẹ àsẹ́lẹ́rétọ̀ kí ó tún máa sáré. Ẹni tó bá ti ń wakọ̀ asáré tẹ́lẹ̀ ló nílò ìkìlọ̀ yìí jù, torí pé ọkọ̀ náà ti kọ́ ọ láti máa ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Láti gbéra, ẹ fi ọkọ̀ sí jíà kejì bó bá jẹ́ onítẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, kí ẹ tú kúlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìtẹ àsẹ́lẹ́rétọ̀ púpọ̀. Bí ọkọ̀ bá ní ètò fún òjò tàbí yìnyín, ẹ tẹ̀ ẹ́, nítorí pé yóò mú kí ẹ́ńjìnnì máa fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìyọ̀ táyà wà ní títàn nígbà gbogbo. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbà kí a pa á ni ìgbà tí ọkọ̀ bá rì sínú yìnyín, tí ẹ̀rọ náà sì ń gba agbára kúrò lọ́wọ́ yín ní gbogbo ìgbà tí táyà bá fẹ́ yí. Ní kété tí ẹ bá ti jáde, ẹ tún un tàn.

Ọ̀fìn tó wà fún ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn rìn ni ìgbà tí a bá fa jíà sísàlẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sí jíà kejì láti ìkẹta lórí omi dídì, tí ẹ sì tú kúlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì, ẹ́ńjìnnì yóò mú kí táyà ẹ̀yìn dín eré kù ju bí ilẹ̀ ṣe ń kọjá lọ, ìdí ọkọ̀ yóò sì yọ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan bíréèkì rárá. Bákan náà ló rí bí ẹ bá yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí àsẹ́lẹ́rétọ̀ lójijì ní àárín kọ́nà. Bí ìdí rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ lọ, kì í ṣe igi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ rọra dín ẹsẹ̀ kù, kí ẹ sì yí sítíárìn sí ìhà ibi tí ìdí ọkọ̀ ń yọ̀ lọ, kí ẹ ṣetán láti dá a padà kíákíá nígbà tó bá mú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ imú ọkọ̀ ló kọ̀ láti yí, ẹ má fi kún yíyí rẹ̀. Ẹ dá sítíárìn padà díẹ̀, ẹ dín eré kù, kí táyà lè tún rí ilẹ̀ mú.

Bí ẹ bá ní láti dúró ní pàjáwìrì, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì há táyà pa, yóò máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, yóò sì máa pariwo. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, kì í ṣe àmì pé nǹkan ti bàjẹ́. Ìwé òfin ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò fi dúró lórí omi dídì lè gùn tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí náà ẹ fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ láàárín yín àti ọkọ̀ iwájú. Orí afárá ni kí ẹ máa bẹ̀rù jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì máa ń dì kí títì tó kù tó dì. Bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ òkè, ẹ dúró kí ẹni tó wà níwájú dé orí rẹ̀ tán, kí ẹ lè gùn ún láìdúró láàárín, nítorí pé gbígbéra padà ní agbedeméjì òkè ni yóò fi hàn yín pé táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ yín kò ní ìwúwo.

Ìṣòro kan wà tó máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ẹ jáde láàárọ̀ lẹ́yìn tí yìnyín ti rọ̀, ọkọ̀ ń lọ wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ ti dé ọ̀nà márosẹ̀ tí eré pọ̀ díẹ̀, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ yín bí ẹni pé táyà kan fẹ́ jábọ́. Kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ dúró níbi tí ewu kò sí, kí ẹ sì wo inú rímù. Ẹ óò rí i pé yìnyín ti dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan nínú rẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ di aláìdọ́gba. Ẹ fi igi tàbí ike gbá a jáde títí rímù yóò fi ṣófo, ìgbọ̀n náà yóò sì tán. Ẹ wo ẹ̀yìn táyà iwájú pẹ̀lú, torí pé yìnyín tó dì síbẹ̀ lè máa ha táyà nígbà tí ẹ bá yí kọ́nà dé ìparí.

Kí ẹ tó jáde láàárọ̀

Ẹ gbá gbogbo yìnyín kúrò, títí kan orí rúùfù, nítorí èyí tó bá wà lókè yóò wó bo gíláàsì iwájú nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ẹ nu iná iwájú àti ti ẹ̀yìn. Gílóòbù àtijọ́ máa ń gbóná tó láti yọ́ yìnyín, ṣùgbọ́n iná LED kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnu salẹ́ńsà: ó relẹ̀ gan-an lára ọkọ̀ asáré, yìnyín sì lè dí i pa. Bí ó bá dí tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, gáàsì olóró tí kò ní òórùn lè wọ inú ọkọ̀, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹ máa wo èyí kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré ni ilẹ̀kùn wọn kò ní férémù lórí, tí gíláàsì sì máa ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bí omi bá dì mọ́ rọ́bà etí rẹ̀, gíláàsì náà kò ní sọ̀kalẹ̀, ẹni tó bá sì fi agbára fa ilẹ̀kùn lè ya rọ́bà tàbí kí ó ba mọ́tò tó ń gbé gíláàsì jẹ́. Ẹ fi òróró sílíkónì pa rọ́bà náà kí òtútù tó dé, kí ẹ sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀kùn yípo láàárọ̀ kí omi dídì náà fọ́ kí ẹ tó ṣí i. Bí rúùfù bá jẹ́ aṣọ, ẹ má ṣí i nínú òtútù, ẹ má sì fi ohun líle ha á.

Bátìrì ni ó máa ń kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀ nígbà òtútù, nítorí pé agbára rẹ̀ ń dín kù ní àkókò kan náà tí ọ́ìlì tó ti ki ń béèrè agbára púpọ̀ sí i. Bó bá ti ń pẹ́ láti tan ẹ́ńjìnnì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tún mọ ibi tó wà. Nínú àwọn Porsche 911 kan, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú tó ń fi iná ṣí ni bátìrì wà, nítorí náà nígbà tí bátìrì bá kú, bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ní ṣí. Ìwé ọkọ̀ ní ọ̀nà pàjáwìrì tí a fi ń ṣí i, ẹ kà á nínú ilé kí ó tó di ọ̀rọ̀ òru nínú òtútù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tan ẹ́ńjìnnì, kò nílò kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ìṣẹ́jú kan tó, kí ẹ sì máa wakọ̀ pẹ̀lẹ́ títí ọ́ìlì yóò fi gbóná. Omi ràdíétọ̀ máa ń gbóná ṣáájú ọ́ìlì, nítorí náà, bí ọkọ̀ yín bá ní ìwọ̀n fún ọ́ìlì, òun ni kí ẹ gbà gbọ́.

Nínú búùtù, bó ti wù kó kéré tó, ẹ fi ṣọ́bìrì kékeré, iyanrìn díẹ̀, ìbọ̀wọ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti irin ìfàkọ̀ tí a ń dè mọ́ bọ́ńpà sí i.

Iyọ̀, olè tí kò pariwo

Ẹni tó bá ti kọ́ bí a ṣe ń rìn lórí yìnyín máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí, nígbà tó jẹ́ pé lábẹ́ ọkọ̀ ni ìparun ti ń lọ. Iyọ̀ lásán ni wọ́n ń dà sí títì níbi púpọ̀, ó sì ń mú kí omi má tètè dì. Bí òtútù bá ti le ju nǹkan bíi -9°C lọ, agbára rẹ̀ ń dín, nítorí náà wọ́n máa ń lo oríṣi iyọ̀ mìíràn, ìyẹn calcium chloride tàbí magnesium chloride, dípò rẹ̀ tàbí mọ́ ọn. Àwọn wọ̀nyí burú fún irin ju iyọ̀ lásán lọ, nítorí pé wọ́n ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, wọn kì í sì í jẹ́ kí irin gbẹ. Ìdí nìyí tí gáréèjì tó gbóná kì í fi í ṣe ojú rere fún ọkọ̀ tí iyọ̀ wà lára rẹ̀: ooru ń mú kí iyọ̀ yọ́, ó sì ń mú kí ìpẹtà yára. Ọkọ̀ tí a kò bá tíì fọ̀ sàn níbi tó tutù ju ibi tó gbóná lọ.

Kí ìgbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ sókè, kí wọ́n fọ abẹ́ rẹ̀ kí ó gbẹ pátápátá, kí wọ́n sì fi òróró tàbí àdàlù oní-lanolin (ọ̀rá inú irun àgùntàn) tó ń dáàbò bo irin pa á, títí kan páìpù bíréèkì, ìdè àwọn apá tó mú táyà ẹ̀yìn, àti inú ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. N kò fara mọ́ ọ̀dà dúdú oní-rọ́bà tí àwọn kan ń fi bo ìpẹtà tó ti wà nílẹ̀. Ó ń dán lójú, ṣùgbọ́n nígbà tó bá sán, omi iyọ̀ á wọ abẹ́ rẹ̀, kò sì ní rí ibi jáde. Ẹ wo àwọn ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn àti lábẹ́ gíláàsì iwájú pẹ̀lú, kí ewé àti ìdọ̀tí má dí wọn.

Nígbà tí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa fi omi fọ abẹ́ ọkọ̀ lọ́sẹ̀ kan sí méjì, ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá ti kọjá 0°C kí omi má baà dì sínú ìdè ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fọ òkè tó ń dán tí ẹ sì fi abẹ́ sílẹ̀, ẹ kò tíì fọ nǹkankan. Ẹ darí omi sí ẹ̀yìn táyà, sí etí rọ́bà tó bo orí táyà, àti sí abẹ́ ìdí ọkọ̀ níbi tí ẹrẹ̀ iyọ̀ ti ń jókòó. Nínú ọkọ̀, ẹ tẹ́ rọ́bà tó ní etí gíga sílẹ̀, kí ẹ sì máa da omi rẹ̀ nù, torí pé kápẹ́ẹ̀tì tó bá mu omi iyọ̀ yóò máa jẹ́ kí gíláàsì kún fún ìkùukùu láàárọ̀, irin abẹ́ rẹ̀ yóò sì máa dípẹtà láìsí ẹni tó mọ̀.

Bíréèkì pẹ̀lú nílò àkíyèsí. Àwọn irin kékeré tí kálípà, ìyẹn apá bíréèkì tó ń fún páàdì mọ́ra, fi ń rìn síwá sẹ́yìn máa ń le nítorí iyọ̀, páàdì kan yóò sì máa jẹ ju èkejì lọ. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tú wọn, kí ó fọ̀ wọ́n, kí ó sì fi gírísì tó yẹ sí wọn kí òtútù tó dé, kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì páàkì lóru lẹ́yìn tí ẹ ti rìn nínú omi yìnyín, ẹ fi ọkọ̀ sínú jíà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú dípò kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́, nítorí pé ó lè dì mọ́ ibẹ̀ títí di òwúrọ̀.

Ní òpin ìgbà òtútù, nígbà tí òwúrọ̀ bá ti ń gbóná ju 7°C lọ léraléra, tí òjò sì ti fọ iyọ̀ kúrò lójú títì, ẹ fọ abẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó mọ́ kanlẹ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ táyà. Ẹ kọ ipò tí táyà òtútù kọ̀ọ̀kan ti wà sí i lára pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ tò wọ́n sí ibi tó tutù tí òòrùn kò dé, kí ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ títọ́ táyà ọkọ̀ (alignment) wò, nítorí pé ihò tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.